Òrùlé Wa, Oòrùn àti Ọ̀rinrin



Ní ilé bàbá àgbàlagbà kan ní Ìkòsì, a bá abọ́ mẹ́rin nílẹ̀ pálọ̀, tí òjò ń kán sínú wọn. Páànù ilé náà ti dógùn-ún. Bàbá ní ọmọ òun tó wà ní Houston, ní Amẹ́ríkà, ń rọ òun pé kí òun fi shingle bo ilé, nítorí pé kì í dógùn-ún. Owó ìfẹ̀yìntì bàbá ni wọn ì bá ná. A bẹ̀ ẹ́ pé kó dúró kí a wádìí.

Irin tí a fi sìǹkì bò ni páànù. Sìǹkì náà ló ń kọ́kọ́ jìyà kí irin tó dógùn-ún. Ṣùgbọ́n odò Ògùn àti ọ̀sà kò jìnnà sí wa ní Ketu àti Mile 12, afẹ́fẹ́ ibẹ̀ kì í sì í fi bẹ́ẹ̀ gbẹ. Ìrì ń sẹ̀ sórí páànù lóru, ewé máńgòrò tó bọ́ sórí rẹ̀ sì ń di omi mú. Ìdí ìṣó ni ìpáàrà ti sábà máa ń bẹ̀rẹ̀. (Ẹ̀yin tí ẹ ń ka ọ̀rọ̀ náà nínú Bíbélì, ẹ gbójú sókè, ó wà lórí ilé yín!)

Lóòótọ́, shingle kì í dógùn-ún. Ọ̀dà ni, irú èyí tí a fi ń ṣe títì, tí a dà sára aṣọ tí a fi fọ́nrán dígí ṣe, tí a wá wọ́n òkúta wẹ́wẹ́ lé lórí. Ṣùgbọ́n oòrùn ń mú kí òróró inú ọ̀dà gbẹ. Yóò gan, yóò sán, òkúta rẹ̀ yóò sì máa ṣàn lọ sínú gọ́tà. Ní Houston pàápàá, níbi tí ooru àti ọ̀rinrin pọ̀ bíi ti Èkó, ìlà dúdú máa ń hù sára rẹ̀. Ohun alààyè tíntínní kan tí wọ́n ń pè ní Gloeocapsa magma ló ń fà á. Ìdí nìyẹn tí àwọn kan tó ń ṣe shingle fi ń po irin bàbà mọ́ òkúta rẹ̀.

Èyí tó bà wá lẹ́rù jù ni pé orí igi òrùlé lásán ni páànù ń jókòó lé, ṣùgbọ́n pátákó gbọ́dọ̀ tẹ́ gbogbo abẹ́ shingle. Bí omi bá yọ́ wọlé, pátákó yóò jẹrà kí onílé tó mọ̀. Bí afẹ́fẹ́ kò bá sì ráyè gba abẹ́ òrùlé kọjá, ooru tó há síbẹ̀ yóò máa se shingle láti ìsàlẹ̀.

Bàbá pààrọ̀ àwọn páànù tó bàjẹ́, ó lo ìṣó tó ní rọ́bà, ó gé ẹ̀ka máńgòrò, ó sì dá ihò afẹ́fẹ́ sí etí òrùlé. Ọmọ rẹ̀ ráhùn díẹ̀ lórí fóònù. Nígbà tí òjò oṣù Kẹfà dé, abọ́ kan ṣoṣo ló kù nílẹ̀, bàbá sì ní òun ṣì ń wá ìdí ìṣó tó ń jò.