Kí Ni Àwọn Ọmọ Wa Ń Lọ Wò ní Ọgbà Ẹranko?

Nígbà tí ìgbìmọ̀ ayẹyẹ ọdún yìí bẹ̀rẹ̀ ìpàdé, àbá méjì lórí ẹranko ni ó wá síwájú wa. Ẹnìkan ní kí a pe àwọn tí ń mú ìkookò ṣeré, kí wọ́n wá dá àwọn ọmọ lára yá ní pápá ilé-ẹ̀kọ́. Ẹlòmíràn ní kí a kó wọn lọ sí ọgbà ẹranko. A kọ ti àkọ́kọ́, a sì gba èkejì pẹ̀lú àdéhùn. Nítorí pé àwọn kan nínú ẹ̀yin òbí àti ẹ̀yin akẹ́kọ̀ọ́ wa àtijọ́ rí i bí ẹni pé a le koko jù, ó tọ́ kí a là á yé yín.

Ọ̀pọ̀ nínú yín ni ó ti rí àwọn ọkùnrin oníkookò yìí, bí kò bá ṣe lójúkojú, nínú àwòrán. Láti Òkè-Ọya ni wọ́n ti wá, Gàdáwan Kúrá ni Hausa ń pè wọ́n. Wọ́n a máa rin ìlú dé ìlú pẹ̀lú ìkookò, ọ̀bọ ńlá àti òjòlá, wọ́n a máa lùlù, wọ́n a sì máa ta oògùn. Ayàwòrán ará Gúúsù Áfíríkà kan, Pieter Hugo, bá wọn rìn ní ọdún 2005, àwòrán rẹ̀ sì mú kí gbogbo ayé mọ̀ wọ́n. A kò bá wọn jà, nítorí iṣẹ́ tí baba fi lé ọmọ lọ́wọ́ ni. Ṣùgbọ́n ẹ wo ohun tí ó mú ìkookò dúró jẹ́ẹ́ láàárín èrò: a dì í lẹ́nu, ṣẹ́ẹ̀nì wà lọ́rùn rẹ̀, kùmọ̀ sì wà lọ́wọ́ ẹni tí ó dì í mú. Ẹranko tí Ọlọ́run dá láti máa rìn jìnnà lóru pẹ̀lú agbo rẹ̀ ni ó wá jókòó sínú oòrùn ọ̀sán. Ọmọ tí ó bá wò ó kò tíì mọ ohun kan nípa ìkookò.

Àwọn òyìnbó ṣe ju bẹ́ẹ̀ lọ nínú sákọ́ọ̀sì wọn, níbi tí erin ti ń fi ẹsẹ̀ ẹ̀yìn dúró, tí kìnnìún sì ń fò gba inú òrùka iná. Àwọn náà ti ń padà lẹ́yìn rẹ̀. Bolivia fòfin dè é ní 2009. Ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì dẹ́kun lílo ẹranko igbó nínú sákọ́ọ̀sì ní oṣù Kìn-ín-ní ọdún 2020. Ringling, sákọ́ọ̀sì tí ó lókìkí jù ní Amẹ́ríkà, ti fi erin sílẹ̀ ní 2016.

Ọ̀rọ̀ ọgbà ẹranko kò rọrùn tó bẹ́ẹ̀, nítorí ẹ̀kọ́ wà níbẹ̀. Ti Yunifásítì Ìbàdàn bẹ̀rẹ̀ ní 1948 gẹ́gẹ́ bí àkójọ ẹranko díẹ̀ fún ìkẹ́kọ̀ọ́, kí ó tó di ọgbà tí ìdílé ń lọ lọ́jọ́ ọdún. Kìnnìún tí ó ṣẹ́kù nínú igbó ní Nàìjíríà kò tó 50, Yankari àti Kainji nìkan ni a sì ti lè rí wọn. Ọmọ Ọ̀gbẹ̀sẹ̀ tí kò bá rí kìnnìún nínú ọgbà lè má rí i láéláé. (Ihò tí wọ́n ju Dáníẹ́lì sí, bí a bá rò ó dáadáa, ọgbà ẹranko ọba ni. Kò sí ọmọ tí ó tíì bi wá léèrè ẹni tí ń bọ́ wọn.)

Ìbéèrè nípa ẹni tí ń bọ́ wọn yìí gan-an ni ó wúwo. Ní oṣù Kejì ọdún 2024, kìnnìún kan ní Yunifásítì Ọbáfẹ́mi Awólọ́wọ̀, Ilé-Ifẹ̀, pa olùtọ́jú rẹ̀ nígbà tí ó ń fún un lóúnjẹ. Ọkùnrin náà ni ó ti ń tọ́jú àwọn kìnnìún ibẹ̀ láti ìgbà tí a ti bí wọn, nǹkan bí ọdún mẹ́sàn-án. Ní oṣù Kẹwàá ọdún náà, irú rẹ̀ tún ṣẹlẹ̀ ní Abẹ́òkúta. Àwọn ènìyàn ní ẹranko ya aláìmoore. Bẹ́ẹ̀ kọ́. Ajá di ẹran ilé nítorí pé ìran rẹ̀ ti bá ènìyàn gbé fún ẹgbẹẹgbẹ̀rún ọdún. Kìnnìún tí a fi ọwọ́ tọ́ mọ ojú ẹni tí ń bọ́ ọ ni, ìran kìnnìún ṣì wà nínú rẹ̀. Nítorí náà ni ilé kìnnìún tí a kọ́ dáadáa fi ń ní yàrá méjì, tí a ń ti ìta fa ìlẹ̀kùn àárín wọn. Ẹran á kọ́kọ́ bọ́ sí yàrá kan, a ó ti ìlẹ̀kùn, kí olùtọ́jú tó wọ èkejì lọ gbé oúnjẹ sí i. Níbi tí ẹ̀mí ènìyàn bá gbé wà lọ́wọ́ ìrántí ẹnìkan ṣoṣo tí iṣẹ́ ti rẹ̀, àṣìṣe kan ti tó.

Owó náà kò ṣe é fojú fò. Nígbà tí àwọn olùkọ́ yunifásítì da iṣẹ́ sílẹ̀ fún oṣù mẹ́jọ ní 2022, kìnnìún kò mọ ìyanṣẹ́lódì. Ẹran tútù ni ó ń retí.

Ṣùgbọ́n ohun tí ó dùn wá jù sún mọ́ ilé ju bẹ́ẹ̀ lọ. Ọmọ wa tí ń sáré wo kìnnìún a máa kọjá lára akíka tí a gbé kọ́ fún títà lẹ́bàá ọ̀nà, kò sì ní wò ó lẹ́ẹ̀mejì. Akíka kò léyín. Ahọ́n gígùn ni ó fi ń lá èèrà àti ikán. Ọmọ kan ṣoṣo ni ó sábà máa ń bí lẹ́ẹ̀kan. Nínú àhámọ́, ó ṣòro láti bọ́, ọ̀pọ̀ a sì tètè kú, tí ó fi jẹ́ pé ọgbà ẹranko kò lè bá wa pa á mọ́ bí igbó bá tán. Ní 2016 ni àwọn orílẹ̀-èdè péjọ sí Johannesburg, tí wọ́n fòfin de òwò rẹ̀ láti ilẹ̀ kan sí òmíràn. Lójú wa, akíka ni àlejò ní Ọ̀gbẹ̀sẹ̀ báyìí.

Ìdí nìyí tí a fi yan ọgbà T. A. Afọláyan ní yunifásítì ìmọ̀ ẹ̀rọ ní Àkúrẹ́. Ọmọ kankan kò ní ju ẹ̀pà tàbí òkúta sí ẹranko, kò sì sí ẹni tí yóò ya fọ́tò kí ó tó béèrè lọ́wọ́ olùtọ́jú ohun tí ẹran náà ń jẹ, ibi tí wọ́n ti mú un wá, àti bí ìlẹ̀kùn rẹ̀ ti ń ṣiṣẹ́. Ẹ̀yin òbí tí àyè bá gbà, ẹ bá wa lọ. Àwọn ọ̀bọ kan wà lórí igi nínú ọgbà náà tí ẹnikẹ́ni kò tì mọ́lé. Abẹ́ wọn ni a ó ti kọ́kọ́ dúró, kí a tó lọ sí ibi àhámọ́.