Ẹ̀jẹ̀ Nínú Ìgbẹ́: Ṣé Jẹ̀díjẹ̀dí Ni, Àbí Jẹjẹrẹ Ìfun?



Ní Ìdànrè níhìn-ín, bí ẹnìkan bá rí ẹ̀jẹ̀ nínú ìgbẹ́ rẹ̀, ohun tí a kọ́kọ́ máa ń sọ ni pé jẹ̀díjẹ̀dí ni. Kíá, a ó gbé ìgò àgbo kalẹ̀. Bí baba tó máa ń gun àtẹ̀gùn òkè Ìdànrè láìsinmi bá wá ń mí hẹlẹhẹlẹ ní ìsàlẹ̀ rẹ̀, a ó ní ọjọ́ ogbó ló dé. Lóòótọ́, jẹ̀díjẹ̀dí sábà máa ń fa irú ẹ̀jẹ̀ bẹ́ẹ̀. Ṣùgbọ́n jẹjẹrẹ ìfun ńlá náà máa ń ṣẹ̀jẹ̀ díẹ̀díẹ̀, títí ẹ̀jẹ̀ ara yóò fi dínkù tí àárẹ̀ yóò sì dé. Àgbo kò lè sọ èyí tó jẹ́ fún wa.

Ẹ fura pẹ̀lú bí ìgbẹ́ yíyà bá yí padà fún ọ̀sẹ̀ mélòó kan, bí inú bá ń run tàbí tó ń wú, tàbí bí ènìyàn bá ń rù láìgba ààwẹ̀.

Dókítà yóò fi ọpá tẹ́ẹ́rẹ́ tó ní kámẹ́rà lẹ́nu wo ìfun láti ìdí. Ìtìjú dára, ṣùgbọ́n ẹ̀sìn gbà wá láàyè láti ṣí ìhòòhò fún dókítà ní ìwọ̀n tí ìwòsàn bá béèrè. Àwọn ìyá wa lè béèrè fún dókítà obìnrin.

Bí jẹjẹrẹ náà kò bá tíì tàn ká, gígé apá ìfun tó mú ni olórí ìwòsàn rẹ̀. Tẹ́lẹ̀, ńṣe ni wọ́n ń la ikùn gbọọrọ. Láti nǹkan bí ọdún 1990 ni àwọn dókítà ti ń gba ojú ihò kékeré ṣe é. Laparoscopy ni wọ́n ń pè é. Wọ́n á fún aláìsàn ní oògùn oorun, wọ́n á dá ihò bíi mẹ́rin tí kò ju ìbú ìka lọ sí ikùn, wọ́n á sì fẹ́ gáàsì sínú rẹ̀ kí ààyè lè wà. Kámẹ́rà á wọlé, dókítà á máa wo inú lójú tẹlifíṣọ̀n. Wọ́n á gé ibi tó bàjẹ́, wọ́n á so ìfun pọ̀, wọ́n á sì gba ihò kan tó tóbi díẹ̀ gbé èyí tí wọ́n gé jáde.

Ṣé ihò kékeré kò ní jẹ́ kí jẹjẹrẹ ṣẹ́kù? Ní Amẹ́ríkà, wọ́n fi ọ̀nà méjèèjì wéra lára aláìsàn 872, èsì rẹ̀ sì jáde ní 2004. Lẹ́yìn ọdún mẹ́ta, iye àwọn tí àrùn náà padà sí lára fẹ́rẹ̀ẹ́ dọ́gba. Ṣùgbọ́n àwọn olójú ihò tètè kúrò ní ilé ìwòsàn, wọn kò sì lo oògùn ìrora pẹ́.

Kì í ṣe gbogbo ènìyàn ló bá mu. Bí kókó bá tóbi jù, tàbí tí ìfun ti dí, wọ́n lè la ikùn. Ìyẹn náà ìwòsàn ni.

Ẹ kọ́kọ́ lọ sí ilé ìwòsàn ìjọba tó wà nítòsí, kí ẹ gba ìwé ìtọ́ka. Ní Ilé-Ifẹ̀, ilé ìwòsàn ńlá ti Yunifásítì Obáfẹ́mi Awólọ́wọ̀ ti ń bá Memorial Sloan Kettering ti New York ṣiṣẹ́ lórí jẹjẹrẹ láti 2013, nínú ẹgbẹ́ African Research Group for Oncology. Ọ̀nà Àkúrẹ́ sí Iléṣà ló gbé wa débẹ̀.

Lẹ́yìn iṣẹ́ abẹ, ẹ má gbé àpò kòkó tàbí kẹ̀ẹ̀gì omi títí dókítà yóò fi yọ̀ǹda. Ẹni tí kò lè tẹ̀ba lè jókòó kírun. Bí wọ́n bá so àpò ìgbẹ́ mọ́ ikùn ẹnìkan, ìrun kò bọ́ lọ́rùn rẹ̀, kò sì di aláìmọ́ láàárín wa. Kí ó béèrè bí yóò ṣe máa ṣe àlùwàlá lọ́wọ́ alfa rẹ̀.

Àńnábì wa (kí ìkẹ́ àti ọlà Ọlọ́hun máa bá a) pa á láṣẹ pé kí á máa wá ìwòsàn. Nítorí náà, bí owó bá há aláìsàn kan mọ́lẹ̀, ẹ jẹ́ kí jámáà dá sàdákà jọ fún un kí àìsàn tó gogò. Kí Ọlọ́hun fún gbogbo wa ní àlàáfíà. Àmín.