Bàtà kẹ̀kẹ́

Bàtà kẹ̀kẹ́ ni bàtà tí a dìídì ṣe fún gígun kẹ̀kẹ́ ológeere. Àtẹ́lẹ̀ rẹ̀ le ju ti bàtà ìrìn lọ, kí agbára ẹsẹ̀ má baà ṣòfò nígbà tí olùgùn bá ń tẹ pẹ́dà. Lábẹ́ ọ̀pọ̀ nínú wọn ni ihò bóòtù wà, níbi tí a ń de ìkọ́ kékeré mọ́; ìkọ́ yìí ni ó ń há bàtà mọ́ pẹ́dà. Nítorí pé àtẹ́lẹ̀ líle kì í tẹ̀, bàtà tí kò bá ẹsẹ̀ mu kì í tètè rọ̀, ìnira rẹ̀ sì lè dé orúnkún.

Ìtàn

Fún ọ̀pọ̀ ọdún, okùn awọ àti irin ni àwọn asáré kẹ̀kẹ́ fi ń so ẹsẹ̀ mọ́ pẹ́dà. Ní ọdún 1984, ilé-iṣẹ́ Look ti ilẹ̀ Faransé, tí ó ń ṣe ohun ìdè fún bàtà ìyọ̀ lórí yìnyín, gbé pẹ́dà tí bàtà ń há sí jáde. Bernard Hinault lò ó nígbà tí ó gba Tour de France ní ọdún 1985. Ní ọdún 1990, ilé-iṣẹ́ Shimano ti ilẹ̀ Japan gbé SPD jáde, tí ìkọ́ rẹ̀ kéré.

Oríṣi

Ìkọ́ bàtà oníbóòtù mẹ́ta yọ síta lábẹ́ àtẹ́lẹ̀. Ó dára lórí ọ̀nà ọ̀dà, ṣùgbọ́n ó ń yọ̀ bí a bá fi rìn nílẹ̀. Ti oníbóòtù méjì máa ń fara sin sínú àtẹ́lẹ̀. Fún ẹni tí ó ń gun kẹ̀kẹ́ láti Alákìá, ní ìjọba ìbílẹ̀ Ẹgbẹ́dá, níbi tí pápákọ̀ òfurufú Ìbàdàn wà, lọ sí àwọn abúlé ọlọ́nà erùpẹ̀, oníbóòtù méjì ni ó rọrùn, nítorí yóò máa sọ̀ kalẹ̀ nínú ẹrẹ̀.

Ìkọ́ àti pẹ́dà gbọ́dọ̀ jẹ́ irú kan náà. Ní ìdíje Òlíḿpíìkì Paris ní ọdún 2024, kẹ̀kẹ́ tí ikọ̀ Jámánì yá Ese Ukpeseraye ti Nàìjíríà ni ó gùn. Ẹni tí ó bá yá kẹ̀kẹ́ báyìí ní láti rí i pé pẹ́dà rẹ̀ gba bàtà òun. Kẹ̀kẹ́ tí pẹ́dà rẹ̀ tẹ́ pẹrẹsẹ kò nílò ìkọ́ rárá.

Wíwọn ẹsẹ̀

Ìrọ̀lẹ́ ni ó yẹ kí a wọn ẹsẹ̀, nítorí ó ń wú díẹ̀ bí ọjọ́ ti ń lọ, pàápàá nínú oòrùn. A ó wọ ìbọ̀sẹ̀ tí a fẹ́ lò, a ó dúró lórí bébà, a ó fi gìgísẹ̀ kan ògiri, a ó sì sàmì sí ìka tí ó gùn jù. Ẹsẹ̀ méjèèjì ni a ó wọ̀n, èyí tí ó tóbi jù ni a ó sì tẹ̀ lé.

Nínú nọ́mbà ti ilẹ̀ Yúróòpù, nọ́mbà kan jẹ́ ìdá méjì nínú mẹ́ta sẹ̀ǹtímítà kan. Nítorí náà nọ́mbà 42 dúró fún sẹ̀ǹtímítà 28. Ṣùgbọ́n àyè iwájú ìka wà nínú rẹ̀, kì í ṣe gígùn ẹsẹ̀ nìkan. Nọ́mbà kan náà sì lè yàtọ̀ láti ilé-iṣẹ́ kan sí òmíràn.

Àmì bàtà tí ó bá ẹsẹ̀ mu

Gìgísẹ̀ kò gbọdọ̀ gbéra nínú bàtà. Ìka ẹsẹ̀ gbọ́dọ̀ lè mira láì kan iwájú. Ẹ̀gbẹ́ bàtà kò sì gbọdọ̀ há ibi tí ẹsẹ̀ ti fẹ̀ jù. Bí bàtà bá há, ó lè tẹ iṣan, kí ẹsẹ̀ kú tipiri tàbí kí ó máa ta bí iná. Bí ó bá tóbi jù, ẹsẹ̀ yóò máa yọ̀ nínú rẹ̀, yóò sì lé ròrò. A máa ń de ìkọ́ sí abẹ́ ibi tí eegun àtàǹpàkò ti yọ jù ní ẹ̀gbẹ́ ẹsẹ̀, tàbí sẹ́yìn rẹ̀ díẹ̀. Bí ó bá wọ́, orúnkún ni yóò máa yí.

Bàtà àlòkù

Ẹni tí ó bá ra òkìríkà gbọ́dọ̀ wò bóyá àtẹ́lẹ̀ ti sán, bóyá ihò bóòtù ti dípẹtà, àti bóyá ìkọ́ ti jẹ. Aránbàtà lè tún okùn àti awọ ṣe, ṣùgbọ́n àtẹ́lẹ̀ líle tí ó ti sán kì í ṣe é tún ṣe dáadáa.