Nígbà Tí Ìrántí Kan Bá Dí Òmíràn Lọ́nà

Ní ọjọ́ Ajé, ẹ kọ́ pé ọkọ́ ni àgbẹ̀ fi ń kọ ebè. Ní ọjọ́ Ìṣẹ́gun, ẹ kọ́ ọkọ̀, èyí tí à ń wọ̀ lọ síbi iṣẹ́. Nígbà tí ọkọ ìyàwó àti ọ̀kọ̀ tí jagunjagun ń jù bá tún dé ní Ọjọ́rú, ẹ lè rí i pé ti ọjọ́ Ajé kò wá sẹ́nu mọ́. Ṣé ọpọlọ yín kò jí pépé ni? Rárá o. Àwọn ọ̀rọ̀ náà ló jọra jù, tí wọ́n ń du ẹnu ọ̀nà kan náà.

Ọ̀pọ̀ ènìyàn rò pé ọjọ́ tó ń gorí ọjọ́ ló ń pa ìrántí rẹ́. Ní ọdún 1924, Jenkins àti Dallenbach dán èrò yìí wò ní Yunifásítì Cornell, ní Amẹ́ríkà. Wọ́n ní kí akẹ́kọ̀ọ́ méjì kọ́ ìró ọ̀rọ̀ 10 tí kò ní ìtumọ̀ sórí. Nígbà mìíràn, wọn á sùn lẹ́yìn ẹ̀kọ́ náà; nígbà mìíràn, wọn á máa bá iṣẹ́ òòjọ́ wọn lọ. Lẹ́yìn wákàtí 8, bí wọ́n bá sùn, wọ́n máa ń rántí ju ìdajì lọ. Bí wọn kò bá sùn, agbára káká ni wọ́n fi ń rántí ẹyọ kan. Iye wákàtí kan náà ni o! Ohun tó wọlé sí wọn lọ́kàn láàárín àkókò náà ló yàtọ̀. (Àwọn onímọ̀ òde òní fi kún un pé oorun fúnra rẹ̀ tún ń mú ìrántí fìdí múlẹ̀.)

Ti àtijọ́ náà máa ń dí tuntun lọ́nà. Ní ọdún 1957, Underwood fi hàn pé bí àtòjọ ọ̀rọ̀ tí ènìyàn ti kọ́ sẹ́yìn bá ṣe pọ̀ tó ni èyí tó ṣẹ̀ṣẹ̀ kọ́ ṣe máa ń sọnù tó. Ẹ wo akẹ́kọ̀ọ́ tó wá láti Bahia: axé ló ti mọ̀ láti kékeré, nítorí náà, bó bá fẹ́ kọ àṣẹ, x ni ọwọ́ rẹ̀ á fẹ́ kọ. Ọmọ Cuba tó mọ aché á fẹ́ kọ ch.

Èmi kò fẹ́ràn bí àwọn ìwé kan ṣe ń to ọkọ, ọkọ́, ọkọ̀ àti ọ̀kọ̀ sórí ìlà kan fún ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń kọ́ èdè. Ẹ kọ́ ọ̀kan lónìí, nínú gbólóhùn, kí ẹ sì jẹ́ kó jókòó dáadáa kí ìkejì tó dé. Èyí tí ẹ rò pé ẹ ti gbàgbé kò fi bẹ́ẹ̀ sọnù: bí ẹnìkan bá ṣáà ti sọ pé "àdá àti...", ọkọ́ á yọjú.