Bí Àwọn Ilé Ìṣòwò Ẹ̀hìn-Ìgbẹ̀tì Ṣe Di Ọ̀kan

Àwọn tó tẹ Ẹ̀pẹ́tẹ̀dó l'Ékòó dó kì í ṣe àjèjì sí òwò epo pupa. Nígbà tí ọkọ̀ ogun Gẹ̀ẹ́sì lé Ọba Kòsọ́kọ́ kúrò lórí oyè l'Ékòó ní 1851, òun àti ìjòyè rẹ̀ Òṣòdì Tápà àti àwọn èèyàn wọn fìdí kalẹ̀ sí Ẹ̀pẹ́. Láti ibẹ̀ ni wọ́n ti ń gbé epo gba orí ọ̀sà lọ sí Palma létí òkun, níbi tí àwọn òyìnbó ti ń rà á. Àdéhùn tí Kòsọ́kọ́ bá aṣojú Gẹ̀ẹ́sì ṣe ní Ẹ̀pẹ́ ní 1854 gbà pé Palma àti Lẹ́kí jẹ́ èbúté tirẹ̀. Ìjẹ̀bú tó bá ní epo lè rò ó wò, bóyá Èkó ni òun yóò gbé e lọ tàbí Palma. Ní 1861 Gẹ̀ẹ́sì gba Èkó. Ní 1862 Kòsọ́kọ́ padà wálé, àwọn tó bá a bọ̀ sì tẹ Ẹ̀pẹ́tẹ̀dó, àdúgbò tiwọn, dó. Nígbà tó fi di 1863, Palma àti Lẹ́kí náà ti bọ́ sọ́wọ́ Gẹ̀ẹ́sì. Ìjẹ̀bú kò tún ní ohun tí yóò máa rò wò mọ́.

Mo mú ìtàn yìí wá nítorí irú rẹ̀ ṣẹlẹ̀ lẹ́ẹ̀kan sí i ní 1929, nígbà tí wọ́n dá ilé iṣẹ́ United Africa Company (UAC) sílẹ̀. Ilé iṣẹ́ ńlá kò burú fúnra rẹ̀. Ìyà tó wà níbẹ̀ ni pé kí àgbẹ̀ wo ọ̀tún, kó wo òsì, kó má rí ẹlòmíràn tí yóò gbé ọjà lọ bá.

Kó tó di 1929, àwọn oníṣòwò dúdú Èkó ló kọ́kọ́ mọ irú ìyà bẹ́ẹ̀ lára. Àwọn Sàró bíi J. P. L. Davies àti R. B. Blaize ti ń fi orúkọ ara wọn bá àwọn ará Manchester àti Liverpool dòwò. Gbèsè wó Davies ní 1876. Ó kó lọ sí ìtòsí Agége, ó sì gbin kòkó síbẹ̀ ní nǹkan bí 1880. Ní 1895, àwọn ọlọ́kọ̀ Elder Dempster àti Woermann ará Jámánì fẹnu kò pé oníṣòwò tí kò bá fi ọkọ̀ ẹlòmíràn kó ẹrù ni yóò gba ìdá kan nínú mẹ́wàá owó ọkọ̀ rẹ̀ padà, lẹ́yìn ọ̀pọ̀ oṣù. Ẹni tí owó rẹ̀ kò pọ̀ kò lè dúró de owó yẹn, kò sì lè fi í sílẹ̀ lọ. Púpọ̀ nínú wọn tẹ̀lé Davies lọ sóko. J. K. Coker àti ẹgbẹ́ rẹ̀ dá ẹgbẹ́ àwọn olóko Agége sílẹ̀ ní 1907, àwọn alágbàṣe tó ṣiṣẹ́ lọ́dọ̀ wọn sì gbé èso kòkó lọ sí ìlú wọn. Nítorí náà, díẹ̀ nínú kòkó tó sọ ilẹ̀ Yorùbá di olówó jẹ́ èrè àwọn ọmọ Èkó tí wọ́n lé kúrò ní Ẹ̀hìn-Ìgbẹ̀tì, ìyẹn Marina.

Ní 1919, African Association, Miller Brothers àti Swanzy para pọ̀ di African and Eastern Trade Corporation. Ní 1920, Lever ọlọ́ṣẹ ra Niger Company ní owó tó lé ní mílíọ̀nù mẹ́jọ pọ́n-ùn, nígbà tí epo gbówó lórí jù lọ. Kò pẹ́ tí ọjà fi já lulẹ̀. Àwọn méjèèjì jẹ gbèsè, síbẹ̀ wọ́n ń bá ara wọn du epo, èkùrọ́ àti kòkó nílùú kan náà. Ìjà yẹn dára fún àgbẹ̀. Ní 1929 wọ́n parí rẹ̀: wọ́n di UAC. Kí ọdún náà tó parí, ilé iṣẹ́ Lever fúnra rẹ̀ ti bá àwọn oníbọ́tà Holland ṣe àdéhùn tó bí Unilever. Ní 1933, UAC ra G. B. Ollivant. Ìsọ̀ tó ń bá ara wọn figagbága tẹ́lẹ̀ di ti olówó kan, wọ́n sì ti púpọ̀ nínú wọn pa.

Ọ̀nà jìn láti oko Oǹdó tàbí Ìbàdàn dé èbúté Àpápá. Àgbẹ̀ á já kòkó, á fọ́ ọ, á fi ewé ọ̀gẹ̀dẹ̀ bò ó, á sá a sóòrùn lórí ẹní. Ọ̀pọ̀ ìgbà ló ti jẹ gbèsè lórí rẹ̀ kó tó gbẹ, nítorí alágbàtà ti yá a lówó tó fi jẹun nígbà òjò. Abọ́ ni alágbàtà lè fi wọ̀n ọ́n lẹ́sẹ̀ oko, òun nìkan ló sì mọ bí abọ́ náà ṣe jìn tó. Yóò tà á fún oníwọ̀n, oníwọ̀n á tà á fún ẹni tó jù ú lọ, títí yóò fi dé ìsọ̀ òyìnbó. Oníkálukú ń jẹ tirẹ̀ lórí rẹ̀. Síbẹ̀, bí ìsọ̀ kan bá dá owó tí kò dára, wọ́n lè gbé e lọ sí òmíràn.

Ohun tí wọ́n pa ní 1937 nìyẹn. UAC, John Holt, CFAO, Cadbury àti àwọn mìíràn fọwọ́ sí àdéhùn lórí kòkó Gold Coast (Gánà òde òní) àti ti Nàìjíríà. Wọ́n pín ìpín láàrin ara wọn gẹ́gẹ́ bí iye tí oníkálukú ti ń rà bọ̀. Wọ́n dá iye owó kan tí ẹnikẹ́ni nínú wọn kò gbọdọ̀ san kọjá. Ẹni tó bá ra ju ìpín rẹ̀ lọ yóò gbé ìyókù fún ẹni tí tirẹ̀ kò pé, ní iye tó ná an. Ẹ wo ọgbọ́n tó wà níbẹ̀: èrè wo ni ẹnikẹ́ni yóò tún jẹ bó bá fi kọ́bọ̀ kan kún owó àgbẹ̀? Wọ́n ní àwọn alágbàtà ń purọ́ iye kòkó tí wọ́n ti rà sílẹ̀, wọ́n sì ń ná owó àsansílẹ̀ ní ìnákúnàá. Òótọ́ wà nínú rẹ̀. Ṣùgbọ́n àgbẹ̀ tí kò purọ́ fún ẹnikẹ́ni ni ìyà náà bà.

Ní Gold Coast, àwọn àgbẹ̀ àti ìjòyè ti kòkó wọn mọ́lé láti Oṣù Kẹwàá 1937 títí di Oṣù Kẹrin 1938, wọn kò sì ra ọjà ìsọ̀ òyìnbó. L'Ékòó níbí, Nigerian Youth Movement gbé ọ̀rọ̀ náà sórí. Ọbáfẹ́mi Awólọ́wọ̀, tó ń ṣòwò kòkó n'Ìbàdàn nígbà náà, wà lára àwọn tó kó àwọn oníṣòwò jọ. Ìgbìmọ̀ William Nowell, tí ìjọba Gẹ̀ẹ́sì rán wá wádìí ọ̀rọ̀ náà, ní kí wọ́n fagi lé àdéhùn náà. Ní Oṣù Kẹwàá 1938, ẹgbẹ́ Youth Movement gba àyè mẹ́tẹ̀ẹ̀ta tí Èkó ní nílé aṣòfin lọ́wọ́ ẹgbẹ́ Herbert Macaulay.

Àwọn tó ń ra kòkó yìí kan náà ló ń ta aṣọ, iyọ̀ àti kẹrosíìnì. Nígbà Ogun Àgbáyé Kejì, ìjọba pín àṣẹ ìkẹ́rùwọlé gẹ́gẹ́ bí iye tí oníkálukú ti ń kó wọlé ṣáájú ogun, ẹni tó ti ga wá dúró sókè. Ìyá alájàpá láti Ẹ̀pẹ́tẹ̀dó tó wá ra iyọ̀ lè gbọ́ pé àfi kó gbé ọjà tí kò tà mọ́ ọn. Kò ní gbé àdánù náà mì; orí iyọ̀ ni yóò pín in sí, ẹni tó ń se ọbẹ̀ ni yóò san án. Onímọ̀ ọrọ̀ ajé Peter Bauer, nínú ìwé tó tẹ̀ jáde ní 1954, fi hàn pé ní 1949, nǹkan bí ìdá kan nínú mẹ́ta ọjà tí àwọn oníṣòwò ń kó wọ Nàìjíríà ló ń gba ọwọ́ UAC nìkan.

Apá tó dùn mí jù lọ nínú ìtàn yìí ni ohun tó tẹ̀lé e. Ogun mú kí ìjọba gba ríra kòkó sọ́wọ́, ní 1947 ó sì dá ìgbìmọ̀ kòkó sílẹ̀, èyí tó bọ́ sọ́wọ́ ẹkùn Ìwọ̀-Oòrùn ní 1954. Ìgbìmọ̀ tí wọ́n ní yóò gba àgbẹ̀ lọ́wọ́ àwọn òyìnbó wá di olùrà kan ṣoṣo, ó sì ń san owó tó kéré sí ti ọjà àgbáyé. Owó tó kù sọ́wọ́ rẹ̀ wà lára ohun tí wọ́n fi ṣe ilé ẹ̀kọ́ ọ̀fẹ́ ní 1955. Mo mọ rírì ilé ẹ̀kọ́ yẹn, ọ̀pọ̀ wa ló jẹ nínú rẹ̀. Ṣùgbọ́n àgbẹ̀ ló san án, kò sì sẹ́ni tó bi í. Nígbà tí àwọn àgbẹ̀ ẹgbẹ́ Àgbẹ́kọ̀yà dìde ní 1968, ẹ̀dùn ọkàn lórí owó kòkó wà pẹ̀lú ti owó orí. Ní 1986 ni ìjọba Babangida tú ìgbìmọ̀ náà ká.

Lóde òní, àwọn tó ń ra kòkó kárí ayé tún ti ń dín kù. Ní 2015, ilé iṣẹ́ Olam ra ẹ̀ka kòkó ilé iṣẹ́ ADM, ó sì bọ́ sí iwájú pẹ̀lú Cargill àti Barry Callebaut. Síbẹ̀, nígbà tí tọ́ọ̀nù kòkó kọjá ẹgbẹ̀rún méjìlá dọ́là ní ìparí 2024, àgbẹ̀ Nàìjíríà rí nínú rẹ̀ ju ti Gánà lọ, nítorí ní Gánà ìjọba ló ń dá iye, níbí àwọn olùrà ń du ú mọ́ ara wọn lọ́wọ́. Ní báyìí ọ̀rọ̀ ìgbìmọ̀ kòkó tún ti ń jáde l'Ábújá. Kí ó máa yẹ kòkó wò bó ti dára tó, kí ó máa wá àrùn igi, kí ó máa pín èso tuntun. Ṣùgbọ́n kí òfin tí wọn yóò fi dá a sílẹ̀ sọ ọ́ gbangba pé àgbẹ̀ lè ta kòkó rẹ̀ fún ẹlòmíràn.