Ẹ̀DÀ ÌWÉ OWÓ WA: ÈWO NI KÍ A LÒ?

Ẹ̀yin ọmọ ẹgbẹ́ wa ọ̀wọ́n,

Ẹ rántí pé ní oṣù tó kọjá, kọ̀ǹpútà ọ́fíìsì wa dákú, tòun ti ìwé owó ìfipamọ́ àti ẹ̀yáwó gbogbo wa. Lóòótọ́, mò ń da fáìlì kọ sórí fúláàṣì ní ọjọọjọ́ Jímọ̀. Ṣùgbọ́n nígbà tó kún, mo pa ti àtijọ́ rẹ́ kí tuntun lè ráyè. Àṣé ìwé kan ti bàjẹ́ láti ọ̀sẹ̀ mẹ́ta. Èyí tó bàjẹ́ ni mo fi rọ́pò èyí tó dára! Káàdì ọwọ́ yín ni a fi tún un kọ, ọjọ́ mẹ́fà gbáko. Ẹni tó ṣáájú tó jìn sí kòtò, ó kọ́ ará ẹ̀yìn lọ́gbọ́n.

Ìgbìmọ̀ wá ní kí n wá ètò kọ̀ǹpútà tí yóò máa ṣe ẹ̀dà fún wa. Ohun mẹ́ta ni mo wò. Èkíní, kí ó da gbogbo rẹ̀ kọ lẹ́ẹ̀kan, lẹ́yìn náà kí ó máa mú kìkì ohun tó bá yí padà, kí ti àná àti ti ìjẹta sì wà lọ́tọ̀ọ̀tọ̀. Èkejì, kí ó fún un pọ̀ bí a ti í ki òwú mọ́ àpò. Àkọsílẹ̀ owó a máa fún dáadáa. Fọ́tò kì í fi bẹ́ẹ̀ dín kù, nítorí a ti fún òun tẹ́lẹ̀. Ẹ̀kẹta, ṣé yóò dá a padà lọ́jọ́ ìṣòro?

Borg dára, ṣùgbọ́n orí Linux ló ti múlẹ̀, Windows sì ni tiwa. Restic ń ṣiṣẹ́ lórí Windows, láti 2022 ló sì ti ń fún fáìlì pọ̀. Ṣùgbọ́n àṣẹ ni a óò máa tẹ̀ fún un. Bí n kò bá sí nílé ńkọ́? Duplicati ní ojú ewé tí ẹnikẹ́ni lè fi máúsì yàn lórí rẹ̀. Ọ̀fẹ́ ni mẹ́tẹ̀ẹ̀ta. Duplicati ni a mú.

Ó ní àléébù tirẹ̀: orí kọ̀ǹpútà ló ń tọ́jú ìwé atọ́ka rẹ̀ sí. Bí kọ̀ǹpútà bá kú, yóò kọ́kọ́ tún un tò, ìyẹn sì lè pẹ́. Bákan náà, ọ̀rọ̀ aṣínà ló fi ń ti ẹ̀dà pa. Bí ó bá sọnù, kò sẹ́ni tó lè ṣí i mọ́. A ti kọ ọ́ sínú àpò lẹ́tà méjì, fún Alága àti Akápò. Dísìkì méjì ni a ó lò. Ọ̀kan kò ní í máa sùn ní ọ́fíìsì, nítorí iná àti olè.

Ẹ̀dà tí a kò dán wò, a kò tíì lè gbọ́kàn lé e. Nítorí náà, ní Sátidé àkọ́kọ́ oṣooṣù, a ó fa ìwé ọmọ ẹgbẹ́ kan tó bá yọ̀ǹda yọ, a ó sì fi wé káàdì ọwọ́ rẹ̀.

Ẹ jọ̀wọ́, ẹ tọ́jú káàdì yín. Òun ló gbà wá lọ́jọ́sí.

Èmi ni Akọ̀wé yín.