Àwọn Wákàtí Tí Onírìnàjò Umrah Ń Lò Ní Istanbul

  

Ẹ̀yin ọmọ ilé-kéwú wa, ẹ̀yin òbí wọn, àti ẹ̀yin ará mọ́ṣáláṣí, ọ̀rọ̀ tí a fẹ́ bá yín sọ dá lórí ohun kan tí ó ń ṣẹlẹ̀ sí àwọn ènìyàn wa ní Mushin, Surulere àti Yaba nígbà tí wọ́n bá ń lọ ṣe Umrah. Kì í ṣe gbogbo wọn ni ń wọ ọkọ̀ òfurufú tí ó ń ti Ìkẹjà lọ tààrà sí Jẹ́dà. Àwọn mìíràn ń bá ọkọ̀ Turkish Airlines lọ. Ọkọ̀ yìí yóò kọ́kọ́ gbé wọn dé Istanbul ní ilẹ̀ Tọ́kì, ibẹ̀ ni wọn yóò ti wọ òmíràn tí yóò gbé wọn dé Jẹ́dà tàbí Mẹ̀dínà. Àkókò tí wọ́n fi ń dúró láàárín ọkọ̀ méjèèjì, èyí tí àwọn èrò ń pè ní tíránsíìtì, lè jẹ́ wákàtí mẹ́ta, ó lè jẹ́ mẹ́wàá, ó sì lè jù bẹ́ẹ̀ lọ.

Nígbà tí wọ́n bá padà dé tí a sì bi wọ́n léèrè ohun tí wọ́n rí ní Istanbul, ohun tí a sábà máa ń gbọ́ ni pé àwọn jókòó sórí àga, àwọn ń ṣọ́ ẹrù, oorun sì ń kun àwọn. Bẹ́ẹ̀ sì ni ìlú tí wọ́n jókòó sí etí rẹ̀ yìí ni olú-ìlú àwọn Sultan Ottoman, tí ọ̀pọ̀ Mùsùlùmí ayé kà sí kàlífà, títí di ọdún 1924 tí wọ́n fi òpin sí oyè náà. Ìlú yìí tilẹ̀ ní ohun pọ̀ pẹ̀lú Èkó wa níhìn-ín, a ó sì dé ibẹ̀ láìpẹ́.

Àwọn kan lè bi wá pé, ṣé ó yẹ kí ẹni tí ó dá àníyàn Umrah máa wo ilé àtijọ́ kiri lójú ọ̀nà? Ìbéèrè rere ni. Ànábì wa kò fi ọwọ́ sí i pé kí a di ẹrù ìrìnàjò nítorí àtijọ́sìn ní mọ́ṣáláṣí kan pàtó, àyàfi mẹ́ta: ti Mẹ́kà, ti Mẹ̀dínà àti ti Baitul-Maqdis. Ṣùgbọ́n ẹni tí ọkọ̀ gbé dé Istanbul nítorí pé ibẹ̀ ni ọ̀nà gbà kò di ẹrù nítorí mọ́ṣáláṣí Istanbul. Ọlọ́hun pàápàá pàṣẹ nínú Sūratul-Ankabūt pé kí a rìn lórí ilẹ̀ kí a sì wò. Lójú tiwa, ohun tí ó burú ni kí ènìyàn lọ wò ó débi tí ọkọ̀ kejì yóò fi fi í sílẹ̀, tàbí kí ó fi ìrun ṣòfò nítorí fọ́tò. Owó tí àwọn òbí mìíràn fi ọdún pípẹ́ kó jọ ni tíkẹ́ẹ̀tì yẹn. Nítorí náà ni a ṣe fẹ́ kí á ṣírò àwọn wákàtí náà dáadáa.

Ohun àkọ́kọ́ ni físà. Físà Umrah tí ìjọba Saudi fún ènìyàn kò ṣí ilẹ̀kùn Tọ́kì. Ẹni tí ó mú pásípọ́ọ̀tù Nàìjíríà lọ́wọ́ gbọ́dọ̀ ní físà ti Tọ́kì kí ó tó lè jáde sí ìgboro, Èkó níhìn-ín ni kí ó sì ti tọ́jú rẹ̀ kí ó tó gbéra. Ẹni tí kò bá ní i, inú pápákọ̀ òfurufú ni yóò wà títí ọkọ̀ rẹ̀ yóò fi dé. Kò sí ìtìjú níbẹ̀, àyè ìkírun wà nínú pápákọ̀ náà.

Èkejì ni aago. Istanbul fi wákàtí méjì ṣíwájú Èkó, bákan náà ni Mẹ́kà. Bí aago Mushin bá lu mẹ́wàá, méjìlá ti lù lọ́dọ̀ wọn. Kí onírìnàjò yí aago ọwọ́ rẹ̀ padà bí ó bá ti sọ̀ kalẹ̀. Ìṣirò ló kàn. Pápákọ̀ tuntun tí wọ́n ṣí ní ọdún 2018 jìnnà sí àárín ìlú àtijọ́ tó nǹkan bí ogójì kìlómítà. Sún-kẹrẹ-fà-kẹrẹ ọkọ̀ ní Istanbul kò yàtọ̀ sí ti Oshodi. Ẹ jẹ́ kí a sọ pé wákàtí mẹ́wàá ni ènìyàn ní. Kí ó yọ wákàtí kan àbọ̀ sílẹ̀ fún títẹ ìwé ní ẹnu ibodè, wákàtí kan àbọ̀ fún lílọ, òmíràn fún bíbọ̀, kí ó sì padà dé pápákọ̀ ní wákàtí mẹ́ta kí ọkọ̀ tó gbéra. Wákàtí méjì àbọ̀ péré ló kù fún ojú láti wò. Ẹni tí kò bá ní tó wákàtí mẹ́jọ, a gbà á níyànjú kí ó má dá jáde rárá.

Ṣùgbọ́n ilé-iṣẹ́ ọkọ̀ náà fúnra rẹ̀ ní ètò kan tí wọ́n ń pè ní Touristanbul, fún èrò wọn tí ó ń lọ sí orílẹ̀-èdè mìíràn tí ìdúró rẹ̀ sì wà láàárín wákàtí mẹ́fà sí mẹ́rìnlélógún. Wọ́n á fi bọ́ọ̀sì kó èrò, afinimọ̀nà á máa ṣe àlàyé, wọ́n á fún wọn ní oúnjẹ, wọ́n á sì dá wọn padà. Wọn kì í gba owó. Físà náà ni wọ́n máa béèrè.

Ọ̀rọ̀ ìhrámù náà tún wà níbẹ̀. Kò pọn dandan kí ènìyàn ti Ìkẹjà gbé aṣọ ìhrámù wọ̀, nítorí mìkáátì ṣì wà níwájú. Ẹni tí ó ń lọ sí Jẹ́dà lè wọ aṣọ náà ní pápákọ̀ Istanbul kí ó tó wọ ọkọ̀ kejì, kí ó sì dá àníyàn nínú ọkọ̀ nígbà tí wọ́n bá kéde pé mìkáátì ti súnmọ́. Ẹni tí ó ń kọ́kọ́ lọ sí Mẹ̀dínà, Dhul-Hulaifah ni tirẹ̀, ìgbà tí ó bá ń ti Mẹ̀dínà lọ sí Mẹ́kà. Aṣọ tí ó wọ̀ láti ilé ni ẹni tí ó bá jáde sí ìgboro Istanbul yóò fi rìn.

Ibi tí gbogbo èrò ń lọ ni gbangba kan tí wọ́n ń pè ní Sultanahmet. Níbẹ̀ ni òpó òkúta kan wà tí wọ́n gbé wá láti Mísírà, Fir'auna kan tí orúkọ rẹ̀ ń jẹ́ Thutmose Kẹta ló ni ín, àwọn ará Róòmù sì gbé e nàró sí Istanbul ní ọdún 390. Àwọn àwòrán ọwọ́ àwọn ará Mísírà ṣì hàn lára rẹ̀ ketekete. Mọ́ṣáláṣí Sultan Ahmed dúró sí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀. Ọdún 1609 ni wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí kọ́ ọ. Ilé gogoro ìpèrun mẹ́fà ló ní, àwọn àwo amọ̀ aláwọ̀ búlúù tí wọ́n fi bo ògiri rẹ̀ nínú sì ju ẹgbàá mẹ́wàá lọ. Bí àkókò ìrun bá tó, wọn a dá àwọn tí ó wá wòran dúró síta, olùkírun nìkan ló ń wọlé. Ẹ wá rí ànfààní ẹni tí ó ní àlùwàlá lára!

Ẹni tí ó bá dé ibẹ̀ lásìkò Àìlà tàbí Àlàásàrì, onírìnàjò ni, ráká méjì ló yẹ kí ó kí bí ó bá dá kírun. Ṣùgbọ́n bí ó bá tẹ̀lé Imam ibẹ̀ tí í ṣe ará ìlú, ráká mẹ́rin ni yóò kí pé. Ọ̀nà Imam Abu Hanifa ni wọ́n ń tọ̀ ní Tọ́kì, abẹ́ ìdodo ni àwọn ọkùnrin wọn ń gbé ọwọ́ lé. Kí àgbàlagbà wa tí ó ń sọ ọwọ́ sílẹ̀ ní ọ̀nà Imam Malik má bẹ̀rù, kí ẹnikẹ́ni má sì bá wọn jiyàn níbẹ̀.

Ayasofya kọjú sí i. Ọba Justinian ló kọ́ ọ ní ṣọ́ọ̀ṣì, wọ́n sì parí rẹ̀ ní ọdún 537, ìyẹn ṣáájú kí a tó bí Ànábì wa. Nígbà tí Sultan Mehmed Kejì ṣẹ́gun ìlú náà ní ọdún 1453, tí kò ju ọmọ ọdún mọ́kànlélógún lọ, ó sọ ọ́ di mọ́ṣáláṣí. Ìjọba Tọ́kì sọ ọ́ di ilé àkójọ ohun àtijọ́ ní ọdún 1934, ó sì padà di mọ́ṣáláṣí ní oṣù keje ọdún 2020. Láti ìbẹ̀rẹ̀ ọdún 2024, àjèjì tí ó bá fẹ́ wo òkè pẹ̀tẹ́ẹ̀sì rẹ̀ ń sanwó, ìsàlẹ̀ ni wọ́n fi sílẹ̀ fún ìrun.

Ẹ̀yin ọmọ ilé-kéwú, ibí yìí gan-an ni a fẹ́ kí ẹ ti fi ọkàn sí i. Àwo ńlá mẹ́jọ ni wọ́n gbé kọ́ sí inú Ayasofya, ìbú ọ̀kọ̀ọ̀kan tó mítà méje àbọ̀. Mustafa Izzet Efendi ló kọ ohun tí ó wà lára wọn ní ọgọ́rùn-ún ọdún kọkàndínlógún: orúkọ Allāh, ti Ànábì Muhammad, ti Abu Bakr, Umar, Uthman àti Ali, àti ti Hasan àti Husain. Ọmọ kíláàsì kejì wa yóò ka gbogbo rẹ̀ láì kọsẹ̀. Ọ̀pọ̀ àwọn ọmọ Tọ́kì tí ó ń kọjá níbẹ̀ kò lè kà á, nítorí pé ní ọdún 1928 ni ìjọba Mustafa Kemal fi òfin gba lẹ́tà Lárúbáwá kúrò lọ́wọ́ wọn, tí wọ́n fún wọn ní lẹ́tà Òyìnbó. Láti ìgbà náà, ohun tí bàbá-ńlá wọn kọ sára sàréè, sára ẹnu-ọ̀nà, sára ibi omi ẹ̀rọ, ti di àwòrán lásán lójú wọn. Ọmọ kéwú láti Mushin á kà á. Bí ó bá jẹ́ Lárúbáwá ni wọ́n kọ, yóò gbọ́ ọ. Bí ó bá jẹ́ èdè Tọ́kì àtijọ́ ni, yóò pe lẹ́tà rẹ̀ láì mọ ìtumọ̀, bí Lárúbáwá kan ṣe lè pe ajami Yorùbá tí àwọn àáfà wa àtijọ́ ń kọ. Àwọn òbí tí ó ń béèrè lọ́wọ́ wa pé kí ni ọmọ yóò fi lẹ́tà yìí ṣe, ẹ jọ̀wọ́, ẹ fi èyí kún ìdáhùn tí a ti fún yín tẹ́lẹ̀.

Ààfin Topkapı kò jìnnà síbẹ̀. Ibẹ̀ ni wọ́n tọ́jú aṣọ àwọ̀lékè tí wọ́n ní ó jẹ́ ti Ànábì wa sí, ṣùgbọ́n ààfin náà fẹ̀, kò sì ṣeé wò tán ní wákàtí kan. Ọjọ́ Ìṣẹ́gun ni wọ́n máa ń tì í. Sàréè Abu Ayyub al-Ansari wà ní Eyüp, ní ìta odi ìlú àtijọ́. Òun ni ó gba Ànábì sí ilé rẹ̀ nígbà tí ó ṣí dé Mẹ̀dínà, ó sì dàgbà kí ó tó bá ogun dé ẹnu odi ìlú yìí, níbi tí ó kú sí. Ẹni tí ó bá ní àkókò púpọ̀ lè kí i, kí ó ṣe àdúà fún un, kí ó má sì tọrọ ohunkóhun lọ́wọ́ sàréè.

Nísinsìnyí, ọ̀rọ̀ Èkó tí a ṣèlérí. Láti Ayasofya, bí ènìyàn bá gba òpópónà Divanyolu tí ọkọ̀ ojú irin kékeré ń gbà, láì rìn jìnnà, yóò kan ilé sàréè Sultan Mahmud Kejì. Inú rẹ̀ ni wọ́n sin Sultan Abdulhamid Kejì sí ní ọdún 1918. Òun ló jọba láti ọdún 1876 sí 1909, òun ló sì la ọ̀nà ọkọ̀ ojú irin láti Damasku dé Mẹ̀dínà, èyí tí ó dé ibẹ̀ ní ọdún 1908. Ọba yìí kan náà ló rántí Èkó ní ọdún 1894. Ọ̀gbẹ́ni Mohammed Shitta, ọmọ Yorùbá tí wọ́n bí ní Sàró tí ó sì di oníṣòwò ńlá, ti fi owó ara rẹ̀ kọ́ mọ́ṣáláṣí sí Ìsàlẹ̀ Èkó. Nígbà tí wọ́n ń ṣí i ní ọjọ́ kẹrin oṣù keje ọdún náà, Sultan rán Abdullah Quilliam, agbẹjọ́rò ọmọ Gẹ̀ẹ́sì láti Liverpool tí ó gba Ìsìláàmù, kí ó wá ṣojú rẹ̀. Quilliam gbé àmì ẹ̀yẹ wá fún Shitta, pẹ̀lú oyè Bey. Ibẹ̀ ni orúkọ Shitta-Bey ti wá. Ó tún jíṣẹ́ fún àwọn Mùsùlùmí Èkó pé kí wọ́n má ṣe kọ ẹ̀yìn sí ẹ̀kọ́ ìgbàlódé, nígbà tí ó sì di ọdún 1896, ìjọba ṣí ilé-ẹ̀kọ́ kan fún àwọn ọmọ Mùsùlùmí ní Èkó. Shitta fúnra rẹ̀ kò pẹ́ lẹ́yìn ayẹyẹ náà, ọdún 1895 ló jáde láyé. Orúkọ rẹ̀ kò ṣàjèjì sí ará Surulere, bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé ẹnu kọ́ńdọ́ ọkọ̀ ni púpọ̀ nínú wa ti ń gbọ́ ọ.

Ẹni tí kò bá tíì ní owó Umrah, tí kò sì ní físà, lè ti òpin ọ̀rọ̀ yìí bẹ̀rẹ̀. Kí ó wọ ọkọ̀ Ìdúmọ̀tà ní Yaba. Afárá Carter tí ó so Iddo mọ́ Ìdúmọ̀tà ń jẹ́ orúkọ Gómìnà Gilbert Carter, ẹni tí ó wà níbi ayẹyẹ ọdún 1894 náà. Bí ó bá sọ̀, kí ó béèrè Martins Street. Yóò rí i pé mọ́ṣáláṣí Shitta-Bey kò jọ ti Tọ́kì, nítorí ọmọ Àgùdà kan tí ń jẹ́ João Baptista da Costa ló kọ́ ọ, ọnà ilé Brazil ló sì wà lára rẹ̀. Kí ó tètè dé kí Àìlà tó wọlé, nítorí èrò ọjà. Láti Yaba dé Ìdúmọ̀tà kì í sì í ṣe ìrìnàjò tí a ń tìtorí rẹ̀ dín ìrun kù: ráká mẹ́rin ni yóò kí níbẹ̀.